Ọ̀rọ̀ Tí Lámíìdì Kò Rí Sọ Tán: Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè Mi ní Jọ́ọ̀sì

Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ohùn lóde òní máa ń wá bá mi nílé, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí láyé yín fún wa. Ṣé ó dára kéèyàn kọ́ ọ?" Ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ rín. Iṣẹ́ náà dára. Òun ni mo fi níyàwó, òun ni mo fi kọ́lé, òun náà ni mo fi rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, ẹ̀rù ni ohun tí mo rántí jù nínú rẹ̀. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn tí èèyàn ti lè jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga kí òógùn sì máa bò ó nínú òtútù Jọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó pinnu.

Sámúẹ́lì lorúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, torí ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ta aṣọ. Nígbà tí mo kúrò nílé ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, bàbá mi mú mi lọ sí Katako, láàárín àwọn onípákó, ó fà mí lé Ọ̀gá Sálíù lọ́wọ́. Ọmọ Ìlọrin ni Ọ̀gá Sálíù, Mùsùlùmí òdodo tí kì í fi ìrun jáfara. Ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè háyà fún ẹni tó bá ní òde. Díákónì ni bàbá tèmi nínú ìjọ wa. Kò sẹ́ni tó rí ohun àjèjì kankan níbẹ̀ nígbà náà. Bàbá mi ní, "Sálíù, ọmọ rẹ nìyí o." Ọ̀gá ní, "Mo gbà á." Ó parí.

Fún ìgbà pípẹ́, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ gan-an. Iṣẹ́ mi ni kí n ru àwọn fèrè ńláńlá tí ohùn ń gbà jáde lórí, kí n gun òrùlé lọ so wọ́n mọ́ òpó, kí n sì gbé bátìrì ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi iná sí i. Omi bátìrì jẹ gbogbo ṣòkòtò mi. Nígbà ọyẹ́, wáyà á le gbagidi, ìka ọwọ́ mi á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Amplifáyà ayé ìgbà náà, àpótí ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè, ní gílóòbù nínú, bí ọkọ̀ bá gbọ̀n ọ́n jù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Orí itan ni mo máa ń gbé e sí bí ọmọ ìkókó láti Jọ́ọ̀sì títí dé Bukuru, Ọ̀gá á sì máa wò mí láti iwájú mọ́tò, bóyá mo ti sùn.

Ọ̀gá Sálíù le. Àwọn oníṣẹ́ yòókù á dé òde, wọ́n á gbé maiki, wọ́n á máa pariwo "Hẹ́lò, hẹ́lò" káàkiri ìlú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Èékánná la fi ń ta á, tó bá ti dún, ó tó. Lọ́jọ́ kan níbi ìsọmọlórúkọ, mo kọrin díẹ̀ sínú rẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin lè wò mí. Ọ̀gá gbá mi létí lójú gbogbo àlejò. Ó ní, "Ta ló pè ọ́ wá sọ̀rọ̀? Ṣé ìwọ lo bímọ ni?" Àwọn ọmọbìnrin náà wò mí lóòótọ́.

Kì í jẹ́ ká jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá, láàárín èrò, ni à ń gbé amplifáyà sí, ó ní ibẹ̀ nìkan la ti lè gbọ́ ohun tí èrò ń gbọ́. Tó bá ti yí ohùn dé ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wá ṣe ohun tí n kò rí lọ́wọ́ oníṣẹ́ mìíràn rí. Á fa nọ́ọ̀bù yọ. Nọ́ọ̀bù ni ohun róbótó dúdú tí a fi ń yí ohùn sókè sódò. Tí ó bá ti kúrò níbẹ̀, irin tín-ín-rín kan ló kù, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ìka kò lè yí. Ọ̀gá á fi nọ́ọ̀bù sínú àpò, á bọwọ́ lé e.

Mo bi í nígbà kan ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní níbi ìpàdé ẹbí kan ni bàbá arúgbó kan ti ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ bínú, wọ́n ní kí òun pa ohùn bàbá náà, òun sì pa á. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti pinnu pé òun kò ní pa ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. "Kò tíì sọ̀rọ̀ tán, Sámú. Báwo ni mo ṣe mọ ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀?"

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí àwọn ológun fi wà lórí oyè. Fèrè tí a gbé lọ sí wàásù Ramadan la máa ń gbé lọ sí ìsọjí, aṣọ kan náà ni Ọ̀gá fi ń nù ún. Ọmọ rẹ̀, Lámíìdì, máa ń bá wa ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi. Mo fi díẹ̀ jù ú lọ. Hausa rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ, tó bá fẹ́ bá ìyá rẹ̀ ṣàwàdà, yóò da méjèèjì pọ̀ títí ìyá á fi ju ṣíbí lù ú. Nígbà tó yá, ó di tíṣà. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé òun nìkan ni mo mọ̀ tí kò nílò fèrè.

Ìṣèlú wá padà dé. Lákọ̀ọ́kọ́, inú wa dùn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òde ni wọ́n pè wá sí, àwọn olóṣèlú ń jó, wọ́n ń ṣèlérí omi, wọ́n ń ṣèlérí iná, àwọn èrò á bú wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, gbogbo wa á relé. Wọ́n tiẹ̀ gbé wa lọ sí Kuru nígbà kan, níbi tí àwọn ọ̀gá-ńlá ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà tí à ń bọ̀, Lámíìdì ní, "Sámú, ṣé o rí i? Wọ́n ta ko ara wọn látàárọ̀, kò sẹ́ni tó fọ́ igo mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ lórí." Mo ní omi dídì tí wọ́n ń mu ló tù wọ́n lára.

N kò lè sọ ọjọ́ náà gan-an tí nǹkan yí padà. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe àwọn olórí ẹ̀sìn sí. Nígbà tó yá, àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Nígbà tó tún yá, wọ́n ń dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi kan nínú ìjọ tiwa, pásítọ̀ dìde, ó ní ọmọ Ọlọ́run tó bá dìbò fún ẹgbẹ́ báyìí ti ta Jésù. Gbogbo ìjọ ní Àmín. Èmi ni mo jókòó ti ẹ̀rọ. Mo wo bàbá mi, mo rí i pé òun náà ń wo ilẹ̀. Ìròyìn ìjà ẹ̀sìn ti ń wá láti Kano nígbà náà, àwọn tó sá dé ń sọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹ̀rù bà mí dé eegun. Mo mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n á máa sọ nínú mọ́ṣáláṣí nípa àwa náà, torí fèrè wa ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èmi tí mò ń bá Mùsùlùmí ṣiṣẹ́ wá di ẹni tí àwọn ará ìjọ ń wò bákan. Ní ti Ọ̀gá, àwọn kan bi í ìdí tó fi ń jẹ́ kí Kìrìsìtẹ́nì jókòó ti ẹ̀rọ nígbà tí àwọn bá ń ṣèpàdé. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹ wá gun òrùlé náà fúnra yín." Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lápò mọ́.

Ọdún 1983 ni ìbò kejì. Ẹgbẹ́ kan ní kí a wá gbé ẹ̀rọ sí pápá tó wà lẹ́yìn àwọn onípákó ní Katako. Ọ̀gá ti ń dàgbà, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó sì ti fi ẹ̀rọ àti nọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì wà. Èrò kún ibẹ̀ dé etí títì. Mo yí ohùn, mo fa nọ́ọ̀bù yọ, mo fi sápò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà níwájú pẹ̀lú àwọn àgbà, torí Àáfà àdúgbò wọn, tó máa ń ṣíwájú wọn kírun, ló fẹ́ sọ̀rọ̀.

Àáfà náà mọ̀rọ̀ sọ, n kò níí parọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá dìbò fún ẹgbẹ́ kejì ti jáde kúrò nínú ẹ̀sìn. Ó ní kí wọ́n má fọmọ fún un. Ó ní tó bá kú, kí wọ́n má kí ìrun sí i lára. Àwọn èrò ń kígbe. Inú fèrè mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Bó ṣe sọ̀rọ̀ tán ni Lámíìdì dìde, tó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ránpẹ́. Alága ẹgbẹ́ rò pé ó fẹ́ kí Àáfà ni. Ó ní, "Ọmọ Sálíù ni. Ẹ fún un ní maiki."

Lámíìdì ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, sannunku. Àáfà ló kọ́ mi ní kéú láti kékeré, ẹ kò níí gbọ́ èébú lẹ́nu mi. Ìbéèrè ni mo ní. Tí wọ́n bá ní kí n dìbò fún ọkùnrin kan torí ó gbẹ́ kànga, mo lè lọ yọjú wo kànga náà. Tí kò bá sómi níbẹ̀, mo lè padà wá sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní Ọlọ́run ló ní kí n dìbò fún un, ibo ni kí n lọ wò? Tí mo bá tún béèrè, wọ́n á ní mo ti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run. Wọ́n ti pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ṣé torí èyí la ṣe ní kí ológun lọ?"

Ẹnìkan wá kígbe, "Kai!" Òmíràn ní, "Haba! Kafiri ni!" Ariwo bẹ̀rẹ̀. Mo rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń yọ pákó lára òkìtì pákó tó wà létí pápá. Àwọn mẹ́ta já sí mi lára. Ọ̀kan gbá ọrùn ẹ̀wù mi mú. "Ka rage! Pa ohùn rẹ̀!" Wọn kò fẹ́ já wáyà, torí Àáfà ṣì fẹ́ ṣàdúrà ìparí. Ó na ọwọ́ sí amplifáyà, irin tín-ín-rín náà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Nọ́ọ̀bù dà?" Mo ní mi ò mọ̀. Nọ́ọ̀bù náà wà nínú àpò mi, mo sì fi ọwọ́ bò ó kí wọ́n má baà rí i lára ṣòkòtò. Ojo ni mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ kí Lámíìdì dákẹ́. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó dákẹ́.

Nígbà náà ni mo rí Ọ̀gá tó ń la èrò bọ̀, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sọ nù. Mo rò pé ó fẹ́ lé wọn kúrò lọ́dọ̀ mi ni. Ó dúró níwájú mi, ó na ọwọ́.

"Mú un wá."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé..."

"Sámú, wọ́n á pa á. Mú un wá!"

N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Mo kó ọwọ́ sápò, mo gbé e fún un. Ó fi nọ́ọ̀bù náà padà sórí irin rẹ̀. Lámíìdì ń sọ lọ́wọ́ nínú fèrè pé, "Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo fẹ́..." Ọ̀gá yí i.

Ẹnu Lámíìdì ṣì ń mì lókèèrè, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó fi èékánná ta maiki bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ wa. Ó gbójú sókè wo ibi tí a wà, ó sì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ. Ó rọra gbé maiki sílẹ̀. Àwọn èrò hó yèè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó gbé pákó dání ń sáré bọ̀, ṣùgbọ́n Àáfà fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sókè, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ náà. Lámíìdì kọjá láàárín wọn, wọ́n ń tutọ́ sí i lára, wọ́n fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa láàyè.

Ohun tó sọ fún bàbá rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà?" Ó sì ń lọ.

Ó kó lọ sí Vom láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé níbẹ̀. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá sílé. Wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ nípàdé mọ́, àní ìpàdé àwọn òbí pàápàá, á jókòó sẹ́yìn ni. Ìyàwó mi ń bẹ̀ mí kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láti inú tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ tí mò ń jó ojé sí lára á já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bí ọdún ṣe fẹ́ yí, àwọn ológun padà dé. A kò gbọdọ̀ gbé fèrè jáde láìgbàṣẹ ọlọ́pàá. Àwọn tó pariwo jù nígbà ìpolongo ló kọ́kọ́ dákẹ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé ara tù wọ́n. Ní tèmi, ẹ̀rù tó wà lórí pápá ló wọlé wá, tí olúkúlùkù wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú yàrá ara rẹ̀.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú wa. Amplifáyà onígílóòbù lọ, oní-tiransísítọ̀ dé, ó fúyẹ́, èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ bí ilẹ̀. Àwọn oníwàásù tí kò lè dúró ní pápá ń bú ẹ̀sìn ẹlòmíràn nínú kásẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn á gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á yí i sókè. Kò sí ẹni tí ẹ lè dá lóhùn níbẹ̀. Jọ́ọ̀sì tó tutù tó sì dákẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí mo ti ń wo ojú ẹni kí n tó kí i, bóyá "sannu" ni kí n sọ tàbí kí n dákẹ́.

Ọ̀gá kò jókòó ti amplifáyà mọ́ láti ọjọ́ náà. Rédíò nìkan ló ń tún ṣe. Bí mo bá ń ta maiki kan wò, á dìde, á gba ẹ̀yìn jáde.

Nígbà tí àìsàn dá a wólẹ̀, ìyá Lámíìdì ránṣẹ́ sí Vom. Lámíìdì dé ní ọ̀sán, ó gbé wàrà àwọn ará Vom dání fún bàbá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ṣíbí fún un ní wàrà náà mu. Èmi wà níbẹ̀, mo fẹ́ jáde, Ọ̀gá ní kí n jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Ọ̀gá wá ní:

"Lámíìdì, ọjọ́ yẹn. O ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí o fẹ́. Kí ni?"

Lámíìdì ń fi aṣọ nu ṣíbí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ."

"Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn. Ẹgbẹ́ kejì lo fẹ́ kí wọ́n dìbò fún ni? Àbí o fẹ́ bú Àáfà?"

"Rárá o. Mo fẹ́ ní kí wọ́n gbé maiki padà fún Àáfà, kí Àáfà fúnra wọn dá mi lóhùn. Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n á ti rí nǹkan sọ."

Ọ̀gá ní, "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, Bàbá."

Àáfà ti kú nígbà náà. Ọ̀gá kọjú sí ògiri. Ó ń sunkún. Lámíìdì gbá a mọ́ra, ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n wà láàyè, Bàbá, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò dá ẹkún náà dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ bi mí bóyá ó dára. Mo ti ní ó dára. Lẹ́yìn tí a sin Ọ̀gá, mo ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rù náà kò sì kúrò lára mi lọ́jọ́ kan. Ohun kan péré ni mo yí padà nínú bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Mo mọ ara mi, mo mọ̀ pé bí ẹni tí mo fẹ́ràn bá na ọwọ́, màá gbé e fún un. Nítorí náà, n kì í fi nọ́ọ̀bù sápò mọ́. Tí mo bá ti yí ohùn tán, ìyàwó mi, tó máa ń tẹ̀ lé mi lọ, ni mo máa ń fà á lé lọ́wọ́, á sì gbé e lọ sílé kí ẹnikẹ́ni tó gba maiki.